Igba Ojú Tó Mọ Alágbàfọ̀

Pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Gbajúmọ̀, pákó náà sì ti lu. Èmi ń ránṣọ, òun ń fọ aṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́. Bí ó bá wúkọ́, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Bí mo bá ń bínú sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun ni yóò bá mi bẹ̀ ẹ́ láti òdìkejì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ó ti kọ́kọ́ wá gba àyè.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sójú ọ̀nà. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti wà ní pípé kò mọ orúkọ náà, n kò sì béèrè. Gbajúmọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Igba ojú mọ̀ ọ́n: ọmọdé pàápàá lè tú ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni igba ojú náà rí lára ènìyàn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n? Ibẹ̀ ni ẹnu kò ti kò. Ní ìwọ̀nba ìgbà tí ọkùnrin yìí ti wà láyé, ọ̀rọ̀ yẹn ti pààrọ̀ aṣọ ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ.

Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ìyá yẹn, gbajúmọ̀ kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹni tó mọ ènìyàn kí ni, ẹni tí ojú rẹ̀ rí nǹkan tí ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́. Wọ́n ní àlejò pàtàkì kan jókòó nínú ilé wọn nígbà kan, ṣòkòtò rẹ̀ sì ya lẹ́yìn, ó dún ketekete. Àwọn ọmọ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Gbajúmọ̀, tí kò tíì ju ọmọ tó ń ká eyín lọ, dìde, ó fa àga tirẹ̀ gba orí ilẹ̀ títí ó fi dún bákan náà, ó wá ní kí wọ́n má bínú, ó ní àga ilé àwọn máa ń pariwo. Àlejò mí kanlẹ̀. Ìyá àgbà pe ọmọ náà sẹ́yìn ilé, ó fún un ní súgà, ó ní, "Ìwọ ni gbajúmọ̀ ilé yìí." Súgà yẹn ló sọ pé òun ṣì ń rántí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ìwà, ó ti bọ́ sínú aṣọ. Gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà ni ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ gún régé, tí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé o lè fi ṣe dígí yọ nǹkan léyín. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, gbogbo ayé sì ń kí aṣọ nígbà náà bí ẹni pé aṣọ yóò dáhùn. Gbajúmọ̀ wa kò ní aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà kún okùn. Ọ̀gá rẹ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń yan ní òpópónà nínú kóòtù adájọ́. Ẹ̀rù bà á, ló bá dá ọgbọ́n kan lójú ẹsẹ̀: ó ní aṣọ tí a kò bá tíì wọ̀ rìn, a kò tíì lọ̀ ọ́ tán, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà rẹ̀ yóò dúró ni. Ọ̀gá náà jẹ́ ọ̀lẹ, kò fẹ́ràn kí ó máa nàró láti na ènìyàn, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀kọ́ iṣẹ́.

Ìyẹn ló di àṣà. Láti ọjọ́ náà wá, kò sí aṣọ ọkùnrin kan tó kúrò lọ́wọ́ Gbajúmọ̀ tí kò kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì kó sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Lónìí ẹ ó rí i nínú aṣọ awakọ̀ òfúrufú, lọ́la nínú aṣọ alásè, kò yàtọ̀ fún un, bí aṣọ bá ti wí ni yóò rìn. Àwọn oníbàárà mìíràn bínú, wọ́n kó aṣọ wọn lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì kó o padà, nítorí kò sí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ tó o. Àwọn mìíràn kàn máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí ṣòkòtò wọn bá ti kọjá, wọ́n á mọ̀ pé ó ti gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni rédíò gba ìgboro, ọ̀rọ̀ náà tún yíwọ́. Gbajúmọ̀ wá di ẹni tí a ń gbúròó: agbábọ́ọ̀lù, olóṣèlú, ẹni tó ń ta ọṣẹ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn ènìyàn wá ń fi orúkọ náà bú u. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Gbajúmọ̀, ta lo jẹ́ lónìí?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dá wọn lóhùn pé òun ni ọ̀gá àwọn panápaná. Ní ti ayé ìsinsìnyí tí gbogbo wa kó sínú fóònù, ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé gbajúmọ̀ òde òní ni ẹni tí àwọn tí kò rí i rí ń tẹ̀lé. Ó béèrè ta ni ń tẹ̀lé òun. Ọmọ ní kò sí. Ó ronú díẹ̀, ó ní ajá ẹlẹ́ran ń tẹ̀lé òun. Òótọ́ ni, ajá náà ń tẹ̀lé e lójoojúmọ́, nítorí búrẹ́dì.

Ọmọ yìí nìkan ló ní. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú láti rìn. Abẹ́ tábìlì ìlọṣọ ló dàgbà sí, láàárín ooru áyọ́ọ̀nù àti òórùn sitáàṣì. Nísinsìnyí ó ti di nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì náà sì ni à ń pè é. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, yóò bá a ká aṣọ. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí i.

Tíṣà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó kọ́kọ́ kó ṣẹ́ẹ̀tì wá fọ̀. Nígbà tó rí ẹni tó ń ká aṣọ, ó kó aṣọ ìbùsùn wá. Ó kó aṣọ fèrèsé. Ó kó ìbòrí àga wá tó ṣì ń ta sánsán ọṣẹ tí Gbajúmọ̀ fi fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ń wò ó láti ojú ihò pákó, mo ń sọ fún ara mi pé ilé ọmọkùnrin yìí yóò ti wà níhòòhò báyìí. Nígbà tí kò sí ohun tó kù mọ́, ó gbé kóòtù aláwọ̀ eérú kan wá, tí kò dọ̀tí rárá. Mo sọ fún Gbajúmọ̀ pé kóòtù yẹn gùn ju Tíṣà lọ. Ó ní Tíṣà gbọ́n ni, yóò sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ti ń múra sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó há sí ibì kan. Bàbá Tíṣà fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, Awọnlẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ alágbàfọ̀ ni ọmọ òun fẹ́ fẹ́, ó fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó lá òroǹbó tí kò pọ́n. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wá fi ojú ara òun wo ilé náà àti bàbá inú rẹ̀. Ohun tí ojú òun bá rí ni òun yóò fi fèsì.

Nọ́ọ̀sì mọ bàbá rẹ̀. Ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí n kì í dí etí.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tiyín ni kí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kóòtù tiyín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà mí nítorí aṣọ ẹlòmíì."

Gbajúmọ̀ búra fún un. Ó fi ọwọ́ lé áyọ́ọ̀nù búra, ó gbóná, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò.

Kóòtù tirẹ̀ wà. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, òun ló wọ̀ nígbà tó ń gbé ìyá Nọ́ọ̀sì níyàwó, èmi ni mo sì tú ìbàdí rẹ̀ kí ó lè gba ikùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ajá ẹlẹ́ran yọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò rí búrẹ́dì, ó sì gbé ìbọ̀sẹ̀ oníbàárà kan, ó sá lọ. Gbajúmọ̀ lé e. Ó lé e dé ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, ó gba ìbọ̀sẹ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn nǹkan tó ń jó láti òdìkejì pákó.

Áyọ́ọ̀nù ti dá ihò sí ẹ̀yìn kóòtù náà, ihò tó dọ́gba pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fẹ́ fi pa á lẹ́rìn-ín, mo ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di kóòtù náà mú, ó ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, mo sì rí i pé omi ti lé ròrò sí i lójú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú ajá yẹn sì bí mi títí dòní. Kò sí àkókò láti lẹ nǹkan mọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìyẹn ni àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ gbogbo ayé kì í lọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ju kọ́là, iwájú àti ọrùn ọwọ́ lọ. Ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì kì í kí àlejò. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ náà rí bí ìwé tí a fi di ẹja.

Ojú rẹ̀ lọ sí okùn, sára kóòtù aláwọ̀ eérú. Mo ní, "Gbajúmọ̀, o búra." Ó ní Tíṣà ló ni ín, Tíṣà ti di ọmọ òun, ohun ọmọ sì ni ohun bàbá, nítorí náà aṣọ tòun ni. Ó yára sọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ má baà gbọ́ ọ dáadáa. Kóòtù náà gbé ìka rẹ̀ mì pátápátá. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ẹnu ọwọ́ rẹ̀ sínú, a sì sáré lọ sílé.

Wọ́n dé ní ọ̀sán, Awọnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti Tíṣà. Èmi jókòó ní ipò ìyá ọmọ. Awọnlẹ̀ ga, ojú rẹ̀ sì ń wọn nǹkan. Ó wo ògiri, ó wo òkè àjà, ó wo ẹsẹ̀ tábìlì tí a fi páálí tì, kí ó tó jókòó mo mọ̀ pé ó ti wọn yàrá náà tán, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kóòtù dúdú kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ fún wa, láìjẹ́ pé a béèrè, pé àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló rán an fún òun nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wọn òun dáadáa kí wọ́n tó gé e. Ṣùgbọ́n kóòtù náà há a lábẹ́ apá. Kò lè gbé ife tíì dé ẹnu, ẹnu ló ń gbé lọ bá ife.

Ó wá yíjú sí Gbajúmọ̀. Ó ní òun gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é, òun ti ń ka ìwé ìròyìn láti àárọ̀ ọjọ́ òun, òun kò sì rí i níbẹ̀ rí. Ó ní igba ojú wo gan-an ni? Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbọ̀nwọ́ gún un. Mo rò pé nítorí àfojúdi yẹn ni, àmọ́ kóòtù aláwọ̀ eérú ni obìnrin náà tẹjú mọ́. Tíṣà náà ti rí i. Ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀ bí ẹni tó gbé odidi ẹyin mì.

Ojú Awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn. Ó wọn èjìká, ó wọn gígùn, ó sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ mi ti ń yọjú. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Mo ní kóòtù kan tó jọ èyí gan-an. Òun ni mo fẹ́ wọ̀ wá síbí. A tú gbogbo ilé, a ò rí i. Olè ló gbé e."

Nọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo bisikíìtì, ó dúró. Ó ti rí ohun tó wà lọ́rùn bàbá rẹ̀. N kò fẹ́ rí irú ojú tó fi wò ó mọ́ láyé mi. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ náà wà lórí ahọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì pinnu pé èmi ni, èmi yóò parọ́. Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni mo rán kóòtù náà fún Gbajúmọ̀, pé aṣọ jọra láyé. Gbajúmọ̀ na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

Ó dìde. Ó yọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ kóòtù, ó bọ́ ọ, ó ká a bí alágbàfọ̀ ṣe ń ká aṣọ, apá sínú, kọ́là sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Awọnlẹ̀, ó sì tẹrí ba.

"Kò sí olè nílé wa, sà. Tiyín nìyí. Wọ́n mú un wá fún fífọ̀, mo rò pé ti ọmọ yín ni, mo bá wọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ ni mí. Tèmi jóná láàárọ̀ yìí. Ẹ má tìtorí ẹ̀bi mi ka ọmọ mi sí ẹlẹ́bi. Òun ló ní kí n má ṣe é."

Bí ó ṣe tẹrí ba, gbogbo ilé rí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyàwó Awọnlẹ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Tíṣà ń kólòlò pé òun ló gbé kóòtù náà lọ, pé kò sí nǹkan mìíràn tó kù nílé tí òun lè gbé. Nọ́ọ̀sì gbé àwo sílẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni pé ọwọ́ lè lọ̀ ọ́. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Awọnlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó nàró, ó fi ohùn àgbà sọ̀rọ̀: "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ nǹkan òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù dúdú náà, ó há. Gbajúmọ̀ yára lọ sẹ́yìn rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà sún mọ́ ọn.

Kóòtù náà yí padà, inú rẹ̀ yọ síta. Àwọ̀ àlùkò ni aṣọ inú rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló rán an sí i, fún dókítà eyín tó ń gbé nítòsí ilé Awọnlẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí gbogbo aṣọ rẹ̀ ń rùn kànáfùrù. Lábẹ́ kọ́là ni àmì ibi tí áyọ́ọ̀nù Gbajúmọ̀ ti jó o díẹ̀ nígbà kan wà. Kóòtù ìfẹ̀yìntì tí wọ́n wọn Awọnlẹ̀ kí wọ́n tó gé! Mo la ẹnu. Awọnlẹ̀ fa apá rẹ̀ tó kù yọ pẹ̀lú agbára, kóòtù náà sì ya lábẹ́ apá, ó dún ketekete.

Gbajúmọ̀ fi ẹsẹ̀ fa àga gba orí ilẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé bisikíìtì fò nínú àwo.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Àga ilé wa máa ń pariwo."

Ó ti ká kóòtù dúdú náà, ibi tó ya sínú, àwọ̀ àlùkò sínú, kọ́là sí abẹ́. Ó ní aṣọ gidi ni, òun yóò bá wọn lọ̀ ọ́, òun fúnra òun yóò gbé e dé ilé wọn. Awọnlẹ̀ wo àga. Ó wo kóòtù tí a ká. Ó wá wo ojú Gbajúmọ̀, ó wò ó pẹ́, ojú Gbajúmọ̀ sì ti wà lójú fèrèsé, ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó Awọnlẹ̀ bóyá òjò yóò rọ̀.

Awọnlẹ̀ jókòó padà nínú kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀. Apá rẹ̀ ti wá lè gbé ife. Ó mu tíì, ó jẹ bisikíìtì mẹ́ta, ó ní kí Nọ́ọ̀sì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì ní kí a mú oṣù tó bá rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí ti àwọn ti ṣetán. Nígbà tí a sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ó dàbọ̀, Gbajúmọ̀," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò béèrè igba ojú mọ́.

Mo rán ibi tó ya lábẹ́ apá kóòtù náà lọ́jọ́ kejì, Gbajúmọ̀ sì fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń dúró de ìgbà tí yóò wọ̀ ọ́ lọ sí ilé búrẹ́dì. Ajá ẹlẹ́ran náà ń dúró. Kò jáde. Nígbà tí mo yọjú lójú ihò pákó, mo rí i pé ó ti gbé kóòtù náà kọ́ sí kọ̀rọ̀, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé Tíṣà, níbi tí ojú kankan kò lè dé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wọ kóòtù dókítà eyín rìn.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó sì wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé.

"Kóòtù wo, ẹ̀gbọ́n?"